Ẹ Bi Wá: Ìwé Wo Ni Kí Èèyàn Kà Kó Tó Lọ Sí Trinidad?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣègbéyàwó nílé wọn ní Trinidad, ó ní àfi kí n wá, mo sì ti gbà. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá la jọ ń lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, a ó sì dé Tobago pẹ̀lú. Mo wọ ilé ìtàwé ní Sátidé tó kọjá, ṣe ni orí mi dàrú. Ọ̀kan wà tó nípọn bíi Bíbélì, ó ní gbogbo Caribbean ló wà nínú òun. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, fọ́tò ló kún inú ẹ̀. Mo tún rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù, pọ́n-ùn méjì péré, Trinidad àti Tobago nìkan ló sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ ó ti gbó díẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má fowó ṣòfò, pé kí ni mi ò ní rí lórí fónù. Èwo ni kí n mú? Ọ̀rẹ́ mi tún ní àwọn Yorùbá wà lọ́hùn-ún látijọ́, pé ìyá ìyá òun máa ń kọ orin kan tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ṣé ìwé kankan wà lórí ìyẹn?
Ìyá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o, ẹ sì bá wa kí ọ̀rẹ́ yín kú oríire. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó nípọn bíi Bíbélì yẹn kúrò ńlẹ̀ ná, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i. Ìwé burúkú kọ́ o, ṣùgbọ́n àwọn ìlú tó wà ní Caribbean ń lọ sí bí ọgbọ̀n tí a bá ka àwọn tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba òyìnbó mọ́ ọn, kò sí bí ìwé kan ṣe máa pín ara ẹ̀ tí Trinidad á fi rí ju ojú ìwé díẹ̀ lọ, Tobago á wá gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Ká ní ẹnì kan kọ ìwé lórí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ni Ìbàdàn fẹ́ rí gbà níbẹ̀? Á ní Mápó wà, á ní òrùlé páànù ti dípẹtà, ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé tó jẹ́ ti erékùṣù méjèèjì yẹn nìkan ló bá yín mu.

Ní ti olówó pọ́n-ùn méjì, ẹ padà lọ mú un lọ́wọ́, kí ẹ ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé àkọlé, ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sí. Ọdún tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ka ohunkóhun. Ẹ má sì jẹ́ kí títún tẹ̀ tàn yín jẹ, torí títún tẹ̀ yàtọ̀ sí títún kọ, ìwé tí wọ́n tún tẹ̀ ní 2018 lè jẹ́ pé 2012 ni ẹni tó kọ ọ́ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rin ìlú náà kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá tún kọ lóòótọ́ ló máa ń sọ pé ẹ̀dà kẹta lòun, ẹ̀dà kẹfà lòun. Kódà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lónìí, ẹ yọ bí ọdún kan kúrò nínú ẹ̀, torí ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọdún tó báyìí? Ní oṣù kejìlá 2019, ìjọba Trinidad kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ owó ọgọ́rùn-ún dọ́là wọn tó jẹ́ bébà sí owó ọ̀rá, nígbà tí oṣù yẹn máa fi parí, ti àtijọ́ ò ṣeé ná mọ́. Àwa tí a mọ ohun tí ojú rí nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 lórí náírà tuntun, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé irú ẹ̀ fún wa. Ìwé tó ti ṣáájú ìgbà yẹn ò lè mọ̀. Bákan náà ni pápákọ̀ òfurufú Tobago, Crown Point lẹ máa rí nínú ìwé tó bá ti pẹ́, láti 2011 orúkọ A.N.R. Robinson ló ń jẹ́, ẹ sì lè dúró níwájú pátákó kí ẹ máa wá Crown Point kiri.

Síbẹ̀ ẹ ra olówó pọ́n-ùn méjì yẹn o. Òkè ò ṣí kúrò níbi tó wà, odò ò ṣí kúrò, ìtàn ò yí padà. Adágún ọ̀dà tó wà ní La Brea, tí wọ́n ń pè ní Pitch Lake, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì ló ń ru jáde látinú ilẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó bí ogójì hẹ́kítà, ohun tí ìwé àtijọ́ bá sọ nípa ẹ̀ ṣì bá a mu. Iye owó, nọ́ńbà fónù, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, àti aago tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ Tobago, àwọn yẹn ni kí ẹ má gbà á gbọ́ lórí ẹ̀. Ẹ wá ra tuntun kan kún un, èyí tí wọ́n kọ lórí Trinidad àti Tobago nìkan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó dáa? Èmi kì í wo fọ́tò, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwọ̀ ni mo máa ń ṣí lọ tààrà. Trinidad ní bọ́ọ̀sì kéékèèké kan bíi dáńfó wa, maxi-taxi ni wọ́n ń pè é, funfun ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìlà tí wọ́n kùn sí wọn lára ló ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìlà yẹ́lò ń ná Port of Spain àti apá ìwọ̀-oòrùn, pupa ń lọ sí ìlà-oòrùn títí dé Arima, àwọ̀ ewé ń lọ gúúsù sí San Fernando, búlúù wà fún Tobago. Mọ́tò kékeré tó ń kó èrò náà wà, lẹ́tà H ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wọn. Tí ìwé amọ̀nà ò bá sọ èyí, tí gbogbo ohun tó mọ̀ ò ju kí òtẹ́ẹ̀lì rán mọ́tò wá gbé yín ní Piarco, pápákọ̀ òfurufú Trinidad, á jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ò bá ará ìlú jókòó.

Ìdánwò kejì tún wà tí èmi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ wo ohun tó sọ nípa àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀ àti àwọn Spiritual Baptist, ìjọ Kristẹni àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ tó ní àṣà ilẹ̀ Áfíríkà nínú. Tó bá fi gbólóhùn kan pe gbogbo ẹ̀ ní idán tàbí oògùn dúdú, ẹ gbé e jù síbẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ ẹ̀sìn ọmọlúàbí sílẹ̀ dáadáa, kí ló tún fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa?

Nǹkan kékeré ni ìwé tó dáa fi ń ranni lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ní Curepe, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, èrò ti yí obìnrin kan ká tó ń ta doubles. Ó mú bara méjì, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, ó bu channa, irú ẹ̀wà kan tí wọ́n fi kọ́rì sè, sórí ẹ̀, ó fi bébà wé e, ó yí etí bébà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti dì, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró rárá bíi tìyá alákàrà tó ti mọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Ó bi mí, pepper? Ìwé tó wà lápò mi ti kọ́ mi pé tí mo bá fẹ́ díẹ̀ kí n sọ pé slight, mo sọ bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí, ó kàn fi sí i, ó yíjú sí ẹlòmíì. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí mo dúró láàárín wọn bí ẹni tó mọ ibi tó wà. Ata yẹn náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ata rodo Ọjà Ọba o, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín báyìí. Ìdajì ẹ̀ lóòótọ́ ni. Fónù ni kí ẹ fi wo aago ọkọ̀ ojú omi, ojú ọjọ́, pàṣípààrọ̀ owó, àti ohun tí ìjọba Britain ń sọ nípa ààbò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ, torí ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2024 ni ìjọba Trinidad kéde ìlú ò fararọ nítorí ìpànìyàn àwọn ọmọ ìta, irú ìyẹn ò lè sí nínú ìwé. Àmọ́ ohun tí ẹ bá ti mọ̀ pé ó wà nìkan lẹ lè bi fónù. Ta ló fẹ́ sọ fún yín pé oṣù tí ẹ fẹ́ lọ yẹn gan-an ni àwọn ìjàpá òkun ńláńlá ń gòkè wá yé ẹyin sórí yanrìn ní Matura àti Grande Riviere? Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ ni, òru ni, ẹ ní láti gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wọlé, ẹni tó mọ ibẹ̀ ló sì máa mú yín lọ. Ìwé ló sọ ọ́ fún èmi, ọjọ́ tí mo sì rí ìjàpá náà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tó rọra ń bu yanrìn bí ẹni tó ń bu gààrí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yẹn lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ìwé amọ̀nà á mú yín dé ìlú, ṣùgbọ́n kò lè mú yín dé ọ̀dọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ìwé tí ọmọ ìlú fúnra ẹ̀ kọ ni kó fowó ẹ̀ rà jù. Trinidad ò sì tálákà ìwé rárá. Tí ẹ bá fẹ́ ìtàn, A History of Modern Trinidad tí Bridget Brereton kọ ní 1981 ṣe kedere, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1783 nígbà tí Sípéènì ń pe àwọn Faransé wá dáko, ó dé 1797 tí gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó dé 1845 tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kó àwọn ará Íńdíà wá ṣiṣẹ́ lóko ìrèké, ó parí sí òmìnira 1962. Tí ẹ ò bá mọ ti àwọn ará Íńdíà yìí, ìlú náà ò ní yé yín, torí àwọn àti àwọn adúláwọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, doubles tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ọwọ́ wọn ló ti wá. Eric Williams tó jẹ́ olórí ìjọba àkọ́kọ́ náà kọ ìtàn àwọn èèyàn ẹ̀ jáde lọ́dún òmìnira yẹn gan-an, ẹ kà á bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́ orílẹ̀-èdè, iná wà nínú ẹ̀. C.L.R. James, ọmọ Trinidad ni, àmọ́ The Black Jacobins tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ìjà òmìnira Haiti ló dá lé lórí, ẹ má rà á nítorí ìrìn-àjò yìí.

Ìwé ìtàn àròsọ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ẹ̀yin máa wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo ìlú, ọjọ́ ìdáǹdè àwọn Spiritual Baptist. Ní 1917 ìjọba amúnisìn ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ jọ́sìn, ọlọ́pàá ń wọ ilé àdúrà, wọ́n ń kó wọn lọ kóòtù, títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1951 tí wọ́n fa òfin náà ya. Earl Lovelace kọ ọ́ sínú The Wine of Astonishment ní 1982, ìyàwó pásítọ̀ ló ń sọ ìtàn náà lẹ́nu ara ẹ̀, ní gẹ̀ẹ́sì ilé wọn, ìwé náà ò nípọn. Ẹ kà á kí ẹ tó wọ bàálù. Tí ẹ bá wá rí àwọn ìyá tó wé gèlè, tí wọ́n gbé agogo dání tí wọ́n ń lù ú, ó máa rán yín létí Sẹ̀ráfù àti Sẹ̀lẹ́ nílé, ẹ máa sì mọ iye tí wọ́n san kí agogo yẹn tó lè dún ní gbangba. Ìwé ẹ̀ mìíràn, The Dragon Can't Dance ti 1979, lórí kánífà ni, ẹnì kan tó ń fi ọdún kan gbáko rán aṣọ drágónì tí ò ní wọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ. Tí ẹ bá fẹ́ tòde òní, Love After Love tí Ingrid Persaud kọ ní 2020, ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀. Miguel Street tí V.S. Naipaul kọ ní 1959 dùn, ó rọrùn, ìtàn kéékèèké lórí àdúgbò kan ní Port of Spain, àwọn ìbejì lè bá yín ka díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má dá orúkọ ẹ̀ níbi ìgbéyàwó kí ẹ tó mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, torí àwọn ohun tó kọ nípa ìlú ẹ̀ lẹ́yìn náà dun ọ̀pọ̀ wọn títí dòní.

Mo fi èyí tó wà lọ́kàn mi jù sí ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ. Nígbà tí ogun ń jà nílẹ̀ wa lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú, tí wọ́n ń ta àwọn èèyàn wa, ọkọ̀ ogun gẹ̀ẹ́sì ń gba díẹ̀ lára wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kó wọn lọ Freetown. Ẹ rántí Ajayi Crowther, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ní 1822 nìyẹn. Láti 1841, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí oko ẹrú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó irú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí lọ Trinidad láti ṣiṣẹ́. Wọn ò dé bí ẹrú, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé pọ̀, Belmont lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port of Spain jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, èdè wọn wá pẹ́ lẹ́nu wọn. Maureen Warner-Lewis ló rìn kiri nígbà tí àwọn àgbàlagbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn ṣì wà láyé, ó gba orin wọn sílẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Guinea's Other Suns jáde ní 1991, Trinidad Yoruba jáde ní 1996. Ti 1991 ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, òun ló rọrùn kà. Mo jókòó ka àwọn orin inú iṣẹ́ ẹ̀ sókè ketekete nínú yàrá mi, ohùn orí ọ̀rọ̀ ti lọ lára ọ̀pọ̀, lẹ́tà ti yí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹ jẹ́ kó tẹnu yín jáde bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ kan á ṣàdédé là. Mo sunkún, mi ò tijú sọ ọ́.

Tí àwọn àgbà ilé ọ̀rẹ́ yín bá ṣì rántí orin ìyá yẹn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi fónù gbà á sílẹ̀. Ẹ má sì ṣàtúnṣe orin náà fún wọn, bó ṣe wà lẹ́nu wọn ló jẹ́ tiwọn, ẹ kàn sọ ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ fún wọn. Ẹ tún máa gbọ́ sou-sou, àwọn tó ń dá owó jọ tí ẹnì kan ń kó o lóṣooṣù, èésú wa náà ni. Ẹ máa jẹ accra, tí wọ́n fi ẹja oníyọ̀ ṣe, ẹ wo orúkọ ẹ̀ dáadáa.

Ibi tí ẹ ti máa rà á: New Beacon Books, tí John La Rose ọmọ Trinidad àti Sarah White dá sílẹ̀ ní London ní 1966, ẹ wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde nílé. Peepal Tree Press ní Leeds náà, ìwé Caribbean ni iṣẹ́ wọn. Ẹ bi láíbìrì àdúgbò yín pẹ̀lú, wọ́n lè bá yín wá ti Warner-Lewis níbòmíì.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá ìyàwó mi fún mi ní ìwé amọ̀nà Cuba tó lò ní 2015, ó ní ó dára gan-an. Oṣù kejìlá ni mò ń lọ, pásípọ́ọ̀tù Britain ni mo ní. Ṣé mo lè gbára lé e?
Ọmọ Adó, Manchester

ÌDÁHÙN

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, kí ẹ sì má fi ṣírò owó rárá. Nígbà tí wọ́n lọ, owó méjì ni wọ́n ń ná ní Cuba, èyí tí wọ́n ń pè ní CUC ni tàwọn àlejò, gbogbo iye tó wà nínú ìwé yẹn CUC ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2021 wọ́n ti pa á rẹ́. Iná mànàmáná wọn náà ò rí bó ṣe wà nígbà yẹn mọ́, ní oṣù kẹwàá 2024 gbogbo orílẹ̀-èdè ló ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì àti pawa báńkì dání. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ìwé náà ò lè sọ ọ́: ẹni tó bá ti dé Cuba láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2021, ESTA, ìyẹn àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ Amẹ́ríkà láìgba físà, ò tọ́ sí i mọ́, ẹ́ḿbásì ló máa lọ tọrọ físà. Tí ẹ bá ní ẹbí ní Houston tàbí Atlanta tí ẹ ń lọ kí, ẹ ronú sí i kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Fún ìwé kíkà, mo fẹ́ kí ẹ ka ti Esteban Montejo, ẹrú tó sá wọgbó tó dá gbé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Miguel Barnet ló gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1966, gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ wà. Àwọn Lucumí tó ń dárúkọ níbẹ̀, àwa ni. El Monte tí Lydia Cabrera kọ ní 1954 wà ní gẹ̀ẹ́sì láti 2023, ewé àti òrìṣà ló kún inú ẹ̀, ó tóbi, ẹ fi sílé kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Oṣù kejìlá tí ẹ sì ń lọ yìí, ní ọjọ́ 17, ẹ gbìyànjú kí ẹ dé El Rincón lẹ́yìn Havana. Ẹni mímọ́ tí wọ́n ń ṣọdún fún níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, San Lázaro ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, Babalú Ayé lẹ́nu àwọn èèyàn, ẹ máa rí àwọn tó ń fi eékún rìn lọ san ẹ̀jẹ́.

ÌBÉÈRÈ

Ọkọ̀ ojú omi ńlá la máa wọ̀, erékùṣù mẹ́fà lọ́jọ́ mẹ́wàá, wákàtí mẹ́jọ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ìwé mélòó ni kí n rà?
Alhaja, Croydon

ÌDÁHÙN

Alhaja, ẹ̀yin ni ìwé tó nípọn bíi Bíbélì tí mo ní kí Ìyá Ìbejì dá padà yẹn wà fún, èyí tó tuntun jù lẹ máa rà, ẹ ya àwọn ojú ìwé ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní fọ́tò sórí fónù kí ẹ má bàa máa gbé e kiri nínú oòrùn. Kí ẹ wá fi ìwé kan ṣoṣo kún un, A Small Place tí Jamaica Kincaid kọ ní 1988 lórí Antigua ìlú ẹ̀. Kò tó ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, ẹ máa parí ẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan. Àlejò tó bọ́ sílẹ̀ ní Antigua ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ fún un bí ará ìlú ṣe ń wò ó. Ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á lálẹ́ tó ṣáájú kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò.